Àkọlé Lẹ́tà Tí A Tún Fi Ránṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ní ayé àwọn baba wa, ẹsẹ̀ ni ìránṣẹ́ fi ń rìn, ẹnu ni ó sì fi ń jẹ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ òní, ìka kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù tó láti fi lẹ́tà ẹnìkan ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn kí a tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìránṣẹ́ kò tíì parí láyé. Ẹni tí ó gba lẹ́tà, tí ó sì tún fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ti di ìránṣẹ́. Àkọlé tí ó bá sì jẹ́ kí ó wà lórí lẹ́tà náà ni ẹnu tí ó fi jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọlé yìí ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ lé lórí, nítorí mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí àìbìkítà nípa rẹ̀ lè dá sílẹ̀.

Nígbà tí mo lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé a ti yí ọjọ́ ìdánwò àwọn ọmọ tí ń fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan padà, láti Àbámẹ́ta sí Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò ṣí lẹ́tà tuntun. Lẹ́tà ìkíni ọdún kan tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi dáhùn. Ẹni tí ó gbà á fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni yẹn fi í ránṣẹ́ sí mi, èmi náà sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, àkọlé tí ó wà lórí rẹ̀ ni: “Fwd: FW: Ẹ kú ọdún tuntun”. Oṣù Karùn-ún ni a sì wà.

Ta ni yóò ṣí ìkíni ọdún tuntun ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí ogójì lẹ́tà mìíràn ń dúró dè é? Ọ̀gá wa kò ṣí i. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ọmọ mẹ́fà wọ aṣọ mímọ́, wọ́n gbé lẹ́ẹ̀dì wọn lọ́wọ́, wọ́n sì bá ilẹ̀kùn ilé ìdánwò ní títì. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gba márùn-ún nínú wọn láyè láti ṣe ìdánwò náà. Ẹnìkẹfà kò rí i ṣe, nítorí pé kí ìdáhùn tó dé, wọ́n ti mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Badagry. Kò sí ẹni tí ó dá mi lẹ́bi ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lẹ́tà náà gba ọwọ́ mi kọjá, mo kà á, mo mọ ohun tí ó wí, n kò sì fi ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ṣe àtúnṣe sí orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ara balẹ̀ kọ́ nípa ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àkọlé jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ Festac yóò tètè lóye rẹ̀. A kọ́ ìlú náà láti fi gba àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní àgbáyé, ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àwọn tí wọ́n ya ilẹ̀ náà fi ètò sí i. Àwọn ọ̀nà ńláńlá rẹ̀ ní nọ́ńbà, àwọn ọ̀nà tí ó yà kúrò lára wọn ní nọ́ńbà tiwọn, àwọn ojúlé tí kò là já sì ń jẹ́ orúkọ lẹ́tà A, B, D. Bí ẹnìkan bá wí fún yín pé, “Festac ni mo ń gbé,” òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ẹ lè rìn láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹ má rí i. Bí ó bá wí pé, “B Close, 21 Road, 2nd Avenue,” ẹsẹ̀ yín ti mọ ibi tí yóò gbà. Àkọlé tí ó wí pé “Ìfitónilétí” tàbí “Ọ̀rọ̀ pàtàkì” dà bí ẹni tí ó wí pé Festac ni òun ń gbé. Òtítọ́ ni, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní.

Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ní orí, ó sì ní ara. Ní orí rẹ̀ ni a ti ń rí ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí a kọ ọ́ sí, ọjọ́ tí a kọ ọ́, àti àkọlé. Ìlànà tí ó ṣètò àwọn nǹkan wọ̀nyí jáde ní ọdún 1982, orúkọ rẹ̀ ni RFC 822; a tún un ṣe ní ọdún 2001, a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2008, tí ó fi di RFC 5322. Nínú ìlànà yìí, kò pọn dandan kí lẹ́tà ní àkọlé rárá. Kọ̀ǹpútà kò fi àkọlé mọ ọ̀nà. Àdírẹ́sì ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ojú ènìyàn nìkan ni a kọ àkọlé fún. Bí a bá kọ ọ́ bí ẹni tí kò bìkítà, ẹ̀rọ kò ní bá wa wí, lẹ́tà yóò sì dé láìsí ìdíwọ́. Ènìyàn tí ó gbà á ni yóò jìyà rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí kí ìwé tó dé. Nínú àrokò, ẹni tí ó bá rí owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun; bí ó bá sì jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ojú ni a fi ń ka iṣẹ́ náà kí ìránṣẹ́ tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ bá já ẹyọ méjì kúrò lára mẹ́jọ ní ọ̀nà, ó ti sọ ìjọra di ìfà, iṣẹ́ tí ó jẹ́ kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí a rán an mọ́.

Wàyí o, kí ni “Fwd:” àti “FW:” tí a ń rí níwájú àkọlé wọ̀nyí? Ẹ jẹ́ kí a ti orí “Re:” bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ọdún 2008 ṣàlàyé pé láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá, “in re”, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “nípa ọ̀rọ̀ yìí”. A ń fi í síwájú àkọlé nígbà tí a bá ń fèsì, ìlànà náà sì gbani ní ìmọ̀ràn pé ẹyọ kan ṣoṣo ni kí a lò. “Fwd:” kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò ìkọ̀wé ni wọ́n fi í síbẹ̀ láti sọ pé a tún fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ síwájú. Nítorí náà ni ó fi yàtọ̀ láti ètò dé ètò. Gmail ń kọ “Fwd:”. Outlook ń kọ “FW:”. Outlook tí ó ń sọ èdè Jámánì ń kọ “WG:”, èyí tí ó ń sọ èdè Faransé sì ń kọ “TR:”. Ètò kan a máa yọ àmì ti àtijọ́ kúrò kí ó tó fi tirẹ̀ sí i. Ètò mìíràn a máa gbé tirẹ̀ lé ti àtijọ́ lórí. Ìlànà mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2008, RFC 5256, kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ti ṣí àwọn àmì wọ̀nyí kúrò kí ó lè rí àkọlé gan-an, ṣùgbọ́n “re”, “fw” àti “fwd” nìkan ni ó mọ̀. Bí lẹ́tà bá ti Jámánì tàbí Faransé kọjá, àmì ibẹ̀ lè dúró lórí rẹ̀ bí ẹrù tí kò ní olúwa.

Àwọn àmì wọ̀nyí kò burú fún ara wọn. Wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó gba lẹ́tà pé kì í ṣe ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ni ó kọ ọ́. Ẹyọ kan nínú wọn dára, ó sì tó. Ìṣòro ni pé “Fwd:” sọ pé a gbé nǹkan wá, kò sì sọ ohun tí a gbé wá, tàbí ìdí tí a fi gbé e wá bá ẹni yìí. Ìránṣẹ́ nìkan ni ó mọ ìyẹn, òun nìkan ni ó sì lè kọ ọ́.

Bí a ti ń ṣe é kò le. Bí ẹ bá ń lo Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí lẹ́tà náà, kí ẹ sì tẹ Forward. Ibi ìkọ̀wé yóò ṣí, ṣùgbọ́n àyè àkọlé kò ní hàn níbẹ̀. Èyí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà pé kò ṣeé yí padà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń kọ orúkọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá: ọfà kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ẹ́, kí ẹ yan Edit subject, àyè àkọlé yóò sì jáde. Lórí fóònù, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ Forward, àkọlé wà lójú yín, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ sì kọ tiyín. Nínú Outlook àti Thunderbird, àyè àkọlé ń ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Thunderbird tilẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní agbára láti yí àmì náà fúnra rẹ̀ padà: nínú Config Editor rẹ̀, ohun kan wà tí ń jẹ́ mail.forward_subject_prefix, “Fwd” ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan síbẹ̀ yóò máa rí i níwájú gbogbo lẹ́tà tí ó bá tún fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó rántí ohun tí mo wí lókè: kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kò ní mọ̀ ọ́n bí àmì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ǹjẹ́ a lè kọ àkọlé ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni orí lẹ́tà lè gbà. Ẹ, ọ àti ṣ wa kò ní àyè níbẹ̀. Ìlànà tí ó jáde ní ọdún 1996, RFC 2047, la ọ̀nà sílẹ̀: ètò ìkọ̀wé yóò di ọ̀rọ̀ wa sínú àwọn lẹ́tà tí ẹ̀rọ àtijọ́ gbà, ètò ẹni tí ó gbà á yóò sì tú u. Ìdí nìyí tí a fi ń rí àkọlé tí ó kún fún “=?UTF-8?” àti ìdàrúdàpọ̀ mìíràn nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan ní ọ̀nà ni kò tú ìdì náà. Kò yẹ kí èyí mú wa fi àmì sílẹ̀. Ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹni tí a bá sì ní kí ó mú ọkọ́ wá fún iṣẹ́ oko kò gbọdọ̀ máa wá ọkọ̀ kiri ní Mile 2.

Kí ni ó yẹ kí a kọ? Mo ti rí i pé ohun mẹ́ta tó. Èkíní, ọ̀rọ̀ náà gan-an. Èkejì, ẹni tí ó kàn àti ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe. Ẹ̀kẹta, ọjọ́, bí ó bá ní ọjọ́. Kí ohun tí ó ṣe kókó jùlọ ṣáájú, nítorí fóònù kì í fi ju ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ hàn. Dípò “Fwd: FW: Ẹ kú ọdún tuntun”, ó yẹ kí n ti kọ:

“Fwd: Ìdánwò girama di Ọjọ́bọ̀: kí ẹ sọ fún àwọn òbí kíláàsì kẹfà”

Dípò “Fwd: Ìpàdé”, a lè kọ “Fwd: Ìpàdé òbí àti olùkọ́, ọjọ́ 14, agogo mẹ́wàá: ẹ jọ̀wọ́ ẹ fèsì”. Dípò “FW: Ìwé”, a lè kọ “FW: Orúkọ ọmọ tí kò tíì gba ìwé kíkà: fún olùkọ́ kíláàsì kẹta”. Ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣòro. Ẹni tí ó bá ti ka lẹ́tà náà ní àkàyé lè kọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, bóyá kò tíì ka lẹ́tà náà ni, kò sì yẹ kí ó fi í ránṣẹ́.

Àṣà kan tún wà tí mo fẹ́ kí a gbà: kí a fi àkọlé àtijọ́ sí ẹ̀yìn tuntun, báyìí pé “Ìdánwò girama di Ọjọ́bọ̀ (tẹ́lẹ̀: Ẹ kú ọdún tuntun)”. Bí a bá yí àkọlé padà, Gmail yóò ya lẹ́tà náà sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀wọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àǹfààní ni èyí, nítorí ọ̀rọ̀ tuntun yóò dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wá ibi tí ó ti ṣẹ̀ lè ṣìnà bí a kò bá fi àmì sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí lẹ́tà bá ní nọ́ńbà ìwé tirẹ̀: a kò gbọdọ̀ pa nọ́ńbà náà rẹ́.

Mo wá dé ibi tí ó gba ìṣọ́ra jùlọ. Agbára láti yí àkọlé padà jẹ́ agbára láti tan ènìyàn jẹ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún yìí, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ inú fóònù gbogbo ènìyàn, àwọn kaféè íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní Festac. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó lọ síbẹ̀ láti wá iṣẹ́, láti wá àyè ní yunifásítì, tàbí láti kọ̀wé sí ará ilé wọn ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn kan jókòó níbẹ̀ ní òru láti kọ lẹ́tà ẹ̀tàn sí àwọn tí wọn kò mọ̀ rí. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé ní ọdún 2005, ìwé ìròyìn Los Angeles Times ti Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Festac. Ìwà yìí ni a ń pè ní 419, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ẹsẹ̀ òfin tí ó dè é. Òfin ọdún 2006 fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún lé e lórí, láìsí àyè owó ìtanràn, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn oníkaféè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ EFCC.

Ọ̀kan nínú ọgbọ́n àwọn ẹlẹ́tàn ni kí wọ́n fi “Re:” síwájú lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí wọn rí, tàbí “Fwd:” síwájú ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ, kí ẹni tí ó gbà á lè rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ẹni gidi kan ni ó ti kọ ọ́. Àmì tí a ṣe fún òtítọ́ ni wọ́n sọ di aṣọ irọ́. Ojúlówó ará Festac tí kò jalè rí sì ń ru ẹrù orúkọ yìí: nígbà tí òun bá kọ̀wé, àwọn kan ń fura kí wọ́n tó ṣí i. Nítorí náà, kò tó kí àkọlé wa mọ́lẹ̀; ó gbọdọ̀ jẹ́ òtítọ́. A lè sọ ohun tí lẹ́tà wí ní kúkúrú, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ kọ “kíákíá” sí ohun tí kò yá, tàbí kí a fi ìlérí tí kò sí nínú lẹ́tà sí orí rẹ̀. Ara lẹ́tà ẹlòmíràn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ tiwa láti sọ, òkè ni kí a kọ ọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ wa, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ti oní-lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìsàlẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́. Lẹ́tà tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá a máa kó àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí àti ọmọ lẹ́yìn. Òfin ọdún 2023 ní ilẹ̀ wa ń dáàbò bo irú nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹni tí a ń fi ránṣẹ́ sí kò bá nílò wọn, kí a gé wọn kúrò, kí a sì sọ pé a gé wọn.

Fún àwa tí a ó máa kọ́ ọmọ, ẹ̀kọ́ yìí kò nílò kọ̀ǹpútà. Mo ti dán an wò pẹ̀lú bébà lásán. Mo kọ lẹ́tà kúkúrú kan, mo fún ọmọ tí ó jókòó ní iwájú, mo sì ní kí olúkúlùkù kọ àkọlé kan sí orí rẹ̀ kí ó tó fà á lé ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà á gbọdọ̀ sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti inú àkọlé nìkan, kí ó tó kà á. Ìlà kan kọ “Lẹ́tà”, kíláàsì sì rẹ́rìn-ín. Ìlà mìíràn kọ “Olùkọ́ ní kí ẹ mú ìgbálẹ̀ wá ní Ajé”, gbogbo wọn sì lóye. Ní Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ìgbálẹ̀ mẹ́tàdínlógún dé sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kékeré ni ọ̀rọ̀ àkọlé, n kò sì sọ pé òun ni ó ga jù nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa púpọ̀ ni kí a gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan kí a sì fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, láìdín, láìbàjẹ́, kí ó sì yé e. Lẹ́tà tí ó kọjá lọ́wọ́ mi ní oṣù Karùn-ún ọjọ́ sí dé ibi tí mo rán an, iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì dé. Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ tẹ Forward ní ọ̀la, kí ó dúró díẹ̀, kí ó wo orí lẹ́tà náà, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí ó bá jẹ́ èmi ni a fi èyí ránṣẹ́ sí, ǹjẹ́ mo lè mọ ohun tí a fẹ́ kí n ṣe?